Ọmọ ta ni lórí ìwé owó orí? Ohun tí òfin Côte d'Ivoire là kalẹ̀ fún òbí tó ti kọ ara wọn sílẹ̀

Nígbà tí tọkọtaya bá tú ká ní Abidjan, ohun tí àwọn ẹbí kọ́kọ́ máa ń béèrè ni ilé tí ọmọ yóò ti máa sùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bèèrè ẹni tí yóò san owó ilé ẹ̀kọ́, àti ẹni tí yóò mú ọmọ lọ sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì. Ìbéèrè kan wà tí kì í tètè wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni: ìwé owó oṣù ta ni orúkọ ọmọ náà yóò wà? Ìparí oṣù ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń hàn, nígbà tí bàbá bá ṣàdédé rí i pé owó orí tí wọ́n yọ lọ́wọ́ òun ti fi 22,000 CFA lé sí ti tẹ́lẹ̀, tàbí nígbà tí ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ méjì bá gbọ́ pé, ní ojú ìwé, òun kò bí ọmọ kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú náà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, àti ti àwọn ìlú tó yí i ká ti ń wọkọ̀ lọ sí Abidjan, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé fi di ohun tí èèyàn lè gbọ́ ní ọjà Èjìgbò fúnra rẹ̀. Ìṣòwò ni àwọn tó kọ́kọ́ lọ bá lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Treichville, Adjamé àti Koumassi ti kàwé, wọ́n ti di òṣìṣẹ́ báńkì, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti aṣírò owó. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, ibi tí owó oṣù bá sì wà ni ọ̀rọ̀ ìpín ọmọ ti máa ń di ọ̀rọ̀ gidi.

Bí owó orí ṣe ń ka ọmọ

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìlànà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ lórí owó orí àwọn tó ń gba owó oṣù ní Côte d'Ivoire. Àṣẹ ìjọba tó ní nọ́ńbà 2023-719, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ló mú un wá. Kí ó tó di ìgbà náà, owó orí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù kan ṣoṣo. Àṣẹ náà pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní ITS. Agbanisíṣẹ́ ló ń yọ ọ́ lóṣooṣù, òun ló sì ń san án fún iléeṣẹ́ owó orí tí wọ́n ń pè ní DGI.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀ nìyí. Wọn kì í yọ nǹkankan lórí 75,000 CFA àkọ́kọ́ nínú oṣù. Iye náà gan-an sì ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fàyè gbà láti ọdún 2023. Lórí owó tó bá lé sí i títí dé 240,000, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ. Láti ibẹ̀ dé 800,000, ó di ìdá 21. Ó di 24 títí dé 2,400,000, ó di 28 títí dé 8,000,000, ohun tó bá sì ju ìyẹn lọ wà lábẹ́ ìdá 32.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ iye yìí tán ni wọ́n máa ń wá yẹ ẹbí òṣìṣẹ́ náà wò. Òfin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iye ìpín kan. Àpọ́n, ẹni tó ti kọ ìyàwó tàbí ọkọ sílẹ̀, àti opó tí kò ní ọmọ lọ́wọ́, ìpín kan ni wọ́n ní. Ẹni tó wà nílé ọkọ tàbí tó ní ìyàwó, bí kò tilẹ̀ tíì bímọ, ní ìpín méjì. Ìdajì ìpín ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń fi kún un. Àmọ́ fún àpọ́n àti ẹni tó ti kọ ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ àkọ́kọ́ lágbára ju àwọn yòókù lọ: odindi ìpín kan ló mú wá, tí ẹni náà yóò fi kúrò ní ìpín kan bọ́ sí méjì. Ọmọ kejì yóò sọ ọ́ di méjì ààbọ̀, ọmọ kẹta yóò sọ ọ́ di mẹ́ta. Ibi tí ó parí sí ni ìpín márùn-ún, ọmọ tó bá lé lẹ́yìn ìyẹn kò tún mú nǹkan wá.

Ìpín àkọ́kọ́ kò dín owó orí kù rárá. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì ìpín kọ̀ọ̀kan ń yọ 5,500 CFA kúrò nínú owó orí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ìpín méjì yóò rí 11,000 yọ, ẹni tó ní mẹ́ta yóò rí 22,000, ẹni tó bá dé ìpín márùn-ún yóò rí 44,000.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tí owó tí wọ́n ń wo owó orí lé lórí jẹ́ 500,000 CFA lóṣù. Kí wọ́n tó wo ẹbí rẹ̀, owó orí rẹ̀ jẹ́ 81,000. Nígbà tó wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tí ọmọ méjì sì wà lórí ìwé rẹ̀, ìpín mẹ́ta ló ní, 59,000 ni wọ́n sì ń yọ. Bí ilé bá tú, tí ọmọ méjèèjì bá ìyá wọn lọ, ó padà sí ìpín kan, 81,000 odindi ni yóò máa san. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ náà dúró sí, yóò máa san 64,500. Bí ọ̀kan péré bá dúró tì í, ó di 70,000. Èèyàn lè sọ pé 11,000 kì í ṣe owó tó yẹ kí èèyàn tìtorí rẹ̀ jà. Lọ́dún, ó di 132,000 CFA, èyí tó súnmọ́ owó oṣù méjì ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lọ.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tí òbí kan lè fẹ́ fi ṣọgbọ́n. Bí ọmọ méjì bá wà lọ́dọ̀ òbí kan, 16,500 ni gbogbo àǹfààní tó wà níbẹ̀. Bí òbí kọ̀ọ̀kan bá mú ọ̀kan, 11,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 22,000. Ṣùgbọ́n a kì í pín ọmọ bí ẹní pín ẹran Iléyá. Adájọ́ tó bá ń wo ire ọmọ kò ní ya tẹ̀gbọ́n tàbúrò nítorí 5,500 CFA.

Ohun mìíràn tó yẹ kí àwọn tí owó oṣù wọn kéré mọ̀ ni pé àdínkù yìí kì í ṣe owó tí ìjọba ń fún ni. Ìyá tó ń gba 120,000 lóṣù, owó orí rẹ̀ jẹ́ 7,200 péré. Bí ó bá ní ọmọ kan lórí ìwé, ó ní ẹ̀tọ́ sí àdínkù 11,000. Owó orí rẹ̀ yóò di òfo, 3,800 tó ṣẹ́kù kò sì ní wọ àpò rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn òbí kan fi máa ń fohùn ṣọ̀kan pé kí ọmọ wà lórí ìwé ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bóyá òfin gbà wọ́n láyè, ọ̀rọ̀ Faransé méjì ló sì gbé ìdáhùn rẹ̀ dání: à charge. Ọmọ tí òfin ń kà ni ọmọ tí bùkátà rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni. Orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ bàbá tàbí ti ìyá kò tó. Ọmọ kan kò sì lè wà lórí ìwé òbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Oníṣòwò kò sí nínú àríyànjiyàn yìí

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Abidjan, tí àwọn onílùú máa ń pè ní Anago, ṣì wà nínú òwò. Ọ̀rọ̀ tiwọn rọrùn. Láti ọdún 2021 ni ìjọba ti ṣètò owó orí kan fún àwọn oníṣòwò kéékèèké tí ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún kò ju 50,000,000 CFA lọ. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ju 5,000,000 lọ ń san ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san ti ìjọba àpapọ̀. Iye ọjà tí wọ́n tà ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ìbáà jẹ́ ọmọ kan ni obìnrin tó ń ta aṣọ ní Adjamé bí, ìbáà jẹ́ mẹ́fà, kò yí owó náà padà. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá kọ ara wọn sílẹ̀, owó orí kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ jà lé lórí, àyàfi bí ọkọ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù.

Ìgbéyàwó tí òfin kò mọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Láti ọdún 1964, nígbà tí Côte d'Ivoire gbé àwọn òfin ìdílé rẹ̀ jáde, ìgbéyàwó kan ṣoṣo ni ìjọba mọ̀, ìyẹn èyí tí òṣìṣẹ́ ìjọba so ní gbọ̀ngán ìlú tí wọ́n ń pè ní mairie. Òfin náà ló sì fòpin sí kí ọkùnrin kan máa fẹ́ ju obìnrin kan lọ. Bí ìdílé méjì bá pàdé ní Koumassi, tí wọ́n gbé ẹrù ìdáná, tí àlùfáà so yìgì, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, ṣùgbọ́n tí wọn kò dé mairie, tọkọtaya ni wọ́n lójú Ọlọ́run àti lójú ẹbí. Lójú ìwé owó orí, àpọ́n méjì ni wọ́n.

Èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá tú ká, kò sí ìkọ̀sílẹ̀ kankan tí wọ́n fẹ́ lọ gbà ní ilé ẹjọ́. Ọmọ nìkan ló ṣẹ́kù tí òfin mọ̀. Ìwé ìbí rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ìyẹn bí bàbá bá ti yọjú láti jẹ́wọ́ ọmọ náà níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Bàbá tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní ọmọ lórí ìwé, bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ló bí i, tí ojú ọmọ náà sì jọ tirẹ̀ kedere. Àánú ibẹ̀ ni pé ìpín àpọ́n tó ní ọmọ àti ti ẹni tó kọ ìyàwó sílẹ̀ dọ́gba, nítorí náà àìdé mairie kò dín àǹfààní ìyá tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kù. Ẹni tó yàtọ̀ ni opó. Opó tó ní ọmọ kan ní ìpín méjì ààbọ̀, bí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Obìnrin tí kò ṣe mairie pẹ̀lú bàbá ọmọ rẹ̀ kò sí lára àwọn opó yìí, ìpín méjì ni yóò ní, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Bí ọmọ ṣe kúrò lọ́wọ́ olórí ilé

Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé bàbá ló ni ọmọ. Bí obìnrin bá kọ ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ni ọmọ jẹ́ tirẹ̀, kódà bí ó bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ títí ó fi mọ ọwọ́ wẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin Côte d'Ivoire náà kò jìnnà sí èyí. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1964 sọ ọkọ di olórí ilé. Òfin ọdún 1970 lórí àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà sì pe àṣẹ òbí ní agbára bàbá. Èyí wọ inú owó orí tààrà. Obìnrin tó wà nílé ọkọ, tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ni wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò lọ́kọ, tí kò sì bímọ, nítorí olórí ilé ló ni àwọn ọmọ lórí ìwé.

Àtúnṣe òfin náà kò wáyé nínú ìrọ̀rùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí ìjọba fẹ́ sọ pé ọkọ àti aya ni kí wọ́n jọ máa darí ilé, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó wà nínú ìjọba kọ̀ jálẹ̀. Ààrẹ Alassane Ouattara tú gbogbo ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ká ní ọjọ́ 14 oṣù náà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Daniel Kablan Duncan di olórí ìjọba ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, òfin náà sì di àmúlò ní oṣù Kìíní ọdún 2013. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ìjọba orílẹ̀-èdè kan ń wó nítorí ta ni olórí ilé.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ìjọba tún gbé àwọn òfin ìdílé tuntun jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kan ọmọ, nọ́ńbà 2019-572, fi àṣẹ òbí rọ́pò agbára bàbá, ó fi bàbá àti ìyá sí ipò kan náà, ó sì mú ọjọ́ orí ìdàgbà wá sílẹ̀ láti 21 sí 18. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé, adájọ́ ló máa ń yan ẹni tí ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ire ọmọ náà ló sì gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n. Òbí kejì ní ẹ̀tọ́ láti máa rí ọmọ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa dá sí bùkátà rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtọ́jú tí ilé ẹjọ́ bá là sílẹ̀.

Àwọn tọkọtaya tí kò fẹ́ bá ara wọn jà ní ojú títì ní ọ̀nà mìíràn láti ọdún 1998, nígbà tí wọ́n tún òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1964 ṣe kí àwọn méjèèjì lè fi ohùn kan béèrè fún ìyapa. Wọ́n á kọ àdéhùn wọn lórí ọmọ àti lórí dúkìá, adájọ́ á wò ó, á sì fọwọ́ sí i. Àdéhùn yìí ni ibi tó dára jù lọ láti kọ ọ̀rọ̀ owó orí sí, ní kedere, nígbà tí ojú ṣì wà lójú. Ó yani lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe máa ń kọ ẹni tí yóò mú àga àti fìríìjì sínú rẹ̀, tí wọn kì í rántí èyí.

Ìwé tó ń sọ̀rọ̀

Agbanisíṣẹ́ kì í mọ̀ pé ilé òṣìṣẹ́ òun ti tú bí kò bá gbọ́. Iye ìpín tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni yóò máa lò lọ. Nítorí náà, òbí tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kó gbé ẹ̀dà ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àti ìwé ìbí ọmọ lọ bá ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Òbí kejì náà gbọ́dọ̀ lọ sọ pé kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ kúrò lórí tirẹ̀. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Bàbá á dákẹ́, á ní bóyá wọn kò ní mọ̀. Àmọ́ agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ àkọsílẹ̀ owó oṣù àti owó orí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí DGI lọ́dọọdún, ọmọ tó bá sì hàn ní ibi méjì ń fa ìbéèrè. Ohun tí ẹni tó dákẹ́ jẹ ní ọdún mẹ́ta lè padà di gbèsè kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan.

Bí òbí náà bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ náà kọjá owó orí. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2022, owó tí ìjọba ń san lórí ọmọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti kúrò ní 2,500 CFA sí 7,500 lóṣù. Èyí jẹ́ owó gidi tó ń wọlé, ó yàtọ̀ sí àdínkù owó orí.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti àwọn ará wa gan-an. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí ilé bá tú, kí ọmọ lè kọ́ èdè, kí òbí sì lè rímú mí. Ọmọ náà kò sí lọ́dọ̀ bàbá, kò sí lọ́dọ̀ ìyá. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé máa ń gba ọwọ́ awakọ̀ tàbí ti ẹni tó ń rìnrìn àjò, kò sì ní àkọsílẹ̀ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé bùkátà ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn òun ní láti tọ́jú ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́.

Ní ìlú mìíràn

Ìlànà ìpín yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Abidjan. Ní ọdún 1945, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ni ilẹ̀ Faransé gbé e kalẹ̀, àwọn ilẹ̀ tó jọba lé lórí sì jogún rẹ̀. Ní Faransé lónìí, bí ọmọ bá ń gbé ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ìyá, òbí méjèèjì lè pín àǹfààní rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba. Ní Amẹ́ríkà, iye òru tí ọmọ sùn ní ilé òbí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ọmọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ jù lọ́dún ló ni ẹ̀tọ́ náà, ó sì lè fi ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8332 yọ̀ǹda rẹ̀ fún òbí kejì. Àdínkù owó orí tó wà lórí ọmọ kan níbẹ̀ lè tó 2,200 dọ́là láti ọdún 2025, abájọ tí àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀ kì í fi í gbàgbé rẹ̀. Ní Britain, owó ìtọ́jú ọmọ ni ìjọba ń san, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè gbà á lórí ọmọ kan.

Ní Nàìjíríà, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 kò ka ọmọ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó yọ 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí èèyàn ń rí lọ́dún kúrò nínú owó orí, ó sì fún ayálégbé ní àdínkù lórí owó ilé tó ń san. Òbí tó bá kó kúrò ní Abidjan padà sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn pẹ̀lú ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lápò yóò ṣì nílò rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìrìnnà ọmọ, àmọ́ iléeṣẹ́ owó orí kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.